Nípa Ríra Ẹṣin Lárúbáwá Lọ́wọ́ Àwọn Oníṣòwò Ilẹ̀ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́)

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ wa ni ó kọ̀wé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ẹṣin. Ohun tí ó fà á, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ni pé ó ju ìdílé kan lọ nínú ìlú yìí tí ń dá owó jọ lọ́wọ́lọ́wọ́ láti ra ẹṣin tí wọn yóò gùn ní ọjọ́ ọdún àti ní ọjọ́ ìwúyè, àti pé kò sí alágbàtà kan tí ó tọ̀ wọ́n wá tí kò sọ pé Lárúbáwá ni ẹṣin tòun. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bí a ti ṣe lè dá òtítọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Èmi kì yóò fi ìdáhùn pamọ́ sí ẹ̀yìn àlàyé gígùn. Lárúbáwá, ní ẹnu àwọn tí ń ta ẹṣin ní ilẹ̀ wa, orúkọ iye owó ni. Kì í ṣe orúkọ ìran. Ọ̀pọ̀ jùlọ nínú ẹṣin tí wọ́n ń fà wá láti Òkè Ọya lábẹ́ orúkọ yìí, ẹṣin ilẹ̀ Haúsá ni wọ́n, tàbí ti Bọ̀rnú, tàbí èyí tí ó gba ilẹ̀ Ṣáàdì kọjá láti Súdáànì. Ẹ̀jẹ̀ Lárúbáwá lè wà lára ẹlòmíràn nínú wọn, ó sì lè ṣàìsí rárá. Bí ó ti wù kí ó rí, ojú lásán kò lè fi í hàn dájú. Ohun mìíràn ni a fi ń mọ Lárúbáwá, ohun náà sì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ.

Àwọn tí ó ni ẹṣin yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni àwọn ará aginjù, àwọn Bédúì tí ń gbé inú àgọ́, tí ń da ràkúnmí àti àgùntàn kiri láti ilẹ̀ Nájdì títí dé etí odò Yúfúrétì. Ní ọ̀dọ̀ wọn, abo ẹṣin níyì ju akọ lọ. Abo ni wọ́n ń gùn lọ sí ogun. Wọ́n ní kì í yán nígbà tí ó bá gbóòórùn ẹṣin ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni kì í tú àṣírí ẹni tí ó gùn ún. Nítorí èyí, ìlà ìyá ni wọ́n fi ń ka ìran ẹṣin, kì í ṣe ìlà bàbá. Ìran márùn-ún ni a sábà máa ń dárúkọ: Kuhaylan, Saqlawi, Abayyan, Hamdani àti Hadban, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bí a bá bi ẹ̀yà mìíràn, yóò yọ ọ̀kan kúrò, yóò sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

J. L. Burckhardt, ará ilẹ̀ Switzerland, rìn láàrin wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún; a sì tẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1830, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ó ṣe àkíyèsí ohun kan tí ó dára púpọ̀. Ó ní nínú aginjù gan-an, àwọn Bédúì kì í fi ìwé ìran ẹṣin han ara wọn, nítorí pé wọ́n mọ ìdílé ẹṣin ara wọn bí wọ́n ti mọ ìdílé ẹni tí ó ni ín. Ìgbà tí wọ́n bá fa ẹṣin lọ sí ọjà Básírà, tàbí Bàgídádì, tàbí Aleppo, tàbí Dàmásíkù, ìgbà náà ni wọ́n ń mú ìwé lọ́wọ́ fún ẹni tí ń rà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ oríkì, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣòro fún yín. Ọmọ Oníkòyí kì í gba ìwé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ọmọ Oníkòyí ni òun. Ìyá àgbà tí ń kí i ní òwúrọ̀ ti sọ ọ́ fún un kí ó tó lè rìn. Àlejò ni a ń ṣàlàyé fún. Ẹṣin Lárúbáwá, nígbà náà, ni ẹṣin tí ó ní oríkì, tí àwọn ènìyàn tí ó mọ ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ sì lè jẹ́rìí sí i. Ìwé tí wọ́n ń mú wá sí ọjà, èyí tí wọ́n ń pè ní huja, kì í ṣe ohun mìíràn bí kò ṣe ẹ̀rí yìí tí a kọ sílẹ̀: orúkọ ìran ẹṣin náà, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí tí ó mọ̀ ọ́n, òǹtẹ̀ wọn, àti ìbúra ní orúkọ Ọlọ́run pé wọn kò purọ́. Àti pé ẹlòmíràn nínú wọn kì í ta abo ẹṣin rẹ̀ tán pátápátá. Yóò ta apá kan, yóò sì fi ẹ̀tọ́ tirẹ̀ sí ọmọ tí yóò bí pamọ́, kí ìran náà má bàa kúrò ní àgọ́ bàbá rẹ̀.

Àwọn àlejò tí ó ra ẹṣin lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yìí tí ó sì rí èrè jẹ, àwọn tí ó ní sùúrù ni. Thomas Darley, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń gbé Aleppo ní ilẹ̀ Síríà, ra akọ ẹṣin kan níbẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé wọn ní Yorkshire ní 1704. Láti ara ẹṣin kan ṣoṣo yìí ni ọ̀pọ̀ jùlọ ẹṣin eré-ìje tí ó wà ní gbogbo ayé lónìí ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà akọ. Lẹ́yìn èyí, Wilfrid Blunt àti aya rẹ̀ Lady Anne, ọmọ-ọmọ Byron akéwì, lọ sí Aleppo àti sí inú aginjù; àwọn ẹṣin àkọ́kọ́ tí wọ́n rà sì dé ilé wọn ní Crabbet, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1878. Ohun tí ó wú mi lórí nípa obìnrin yìí ju ẹṣin rẹ̀ lọ ni pé ó kọ́ èdè Lárúbáwá, ó jókòó nínú àgọ́ àwọn ènìyàn náà, ó sì ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ nípa ẹṣin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Mélòó nínú wa tí ń ra ẹṣin lọ́wọ́ Haúsá ni ó lè béèrè orúkọ ìyá ẹṣin náà ní èdè Haúsá?

Ní ayé òde òní, ẹ̀rí yìí ti di iṣẹ́ ọ́fíìsì. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni ó ní ìwé ìran tí a ń kọ orúkọ gbogbo ẹṣin Lárúbáwá sí, pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àgbáyé kan, tí a ń pè ní WAHO, tí a dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, sì ń bójú tó àwọn ìwé wọ̀nyí. A lè fi ìdí irun díẹ̀ tí a fà láti gọ̀gọ̀ tàbí ìrù ẹṣin mọ̀ bóyá òtítọ́ ni pé ẹṣin báyìí ni bàbá rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé Lárúbáwá ni òun ń tà, ìbéèrè yín kò gbọdọ̀ le: ta ni bàbá rẹ̀, ta ni ìyá rẹ̀, nínú ìwé ilẹ̀ wo ni a kọ orúkọ rẹ̀ sí, nọ́ńbà wo sì ni tirẹ̀? Bí ó bá mú ìwé jáde, kí ẹ kọ̀wé sí àwọn tí ó fún un ní ìwé náà kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí ó bá sì fèsì pé ẹ wo ìrù rẹ̀, ẹ wo bí ó ti ń rìn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ sì máa bá a dúnàádúrà lórí iye tí a ń ta ẹṣin ilẹ̀ Haúsá.

Èyí kò wí pé ẹṣin Lárúbáwá kò ní àmì lára. Ó ní in. Iwájú orí rẹ̀ fẹ̀. Egungun imú rẹ̀ tẹ̀ sínú díẹ̀ lábẹ́ ojú bí ìgbà tí àwo bá tẹ̀. Ihò imú rẹ̀ tóbi. Ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú. Ìdí rẹ̀ tẹ́jú, ó sì ń gbé ìrù rẹ̀ sókè bí ó bá ń rìn. Kò ga púpọ̀, bí íńṣì 57 sí 61 láti ilẹ̀ dé òkè èjìká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní egungun ìhà 17 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan níbi tí àwọn ẹṣin mìíràn ti ní 18, wọ́n sì ní eegun ìbàdí 5 dípò 6. Ti Òkè Ọya wa kò rí bẹ́ẹ̀. Imú tirẹ̀ sábà máa ń yọ síta bí ẹ̀yìn ọrun, ìdí rẹ̀ dà sẹ́yìn, ìrù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kì yóò tètè ṣì wọ́n mú.

Ṣùgbọ́n àmì ara ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹlẹ́tàn ń kọ́. Awọ dúdú lábẹ́ irun funfun, tí àwọn alágbàtà fẹ́ràn láti máa fi hàn wá, wà lára ẹṣin funfun tí kì í ṣe Lárúbáwá rárá. Ní ti ìrù, àwọn tí ń ta ẹṣin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́ mọ ọgbọ́n kan: wọn a fi atalẹ̀ sí ibi kan ní ìdí ẹṣin tí èmi, gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, kì yóò dárúkọ, ẹṣin a sì gbé ìrù sókè bí ọba títí tí a óò fi san owó tán. Èmi kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni ní ọjà tiwa. Mo kàn ń sọ ìdí rẹ̀ tí ó fi yẹ kí ẹ tún padà wo ẹṣin náà ní ọjọ́ kejì, láìkéde.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà sílé, nítorí mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé bí kì í bá ṣe Lárúbáwá, a jẹ́ pé ẹṣin lásán ni. Kì í ṣe ẹṣin lásán. Ẹṣin Òkè Ọya yìí ni ó gbé ìjọba Ọ̀yọ́ ró. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí ogun Tápà lé àwọn Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, lẹ́yìn náà wọ́n tẹ̀dó sí Ìgbòho. Ìtàn sì fi agbára ẹlẹ́ṣin sí àkókò Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, ẹni tí ìtàn ẹnu kan sọ pé obìnrin ni. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé tí ó parí ní 1897 tí a kò tẹ̀ títí di 1921, kọ pé ẹlẹ́ṣin 1,000 ni ó ń tẹ̀lé ogun rẹ̀ lẹ́yìn. Ní 1726, ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ wọ ilẹ̀ Dàhòmì. Ọba Dàhòmì sì ní láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin títí di àwọn ọdún 1820. Kò sí ẹṣin kankan nínú ìtàn yìí tí ó ní ìwé huja.

Ohun tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nínú rẹ̀ ni owó tí a fi rà wọ́n. Ẹṣin tí Ọ̀yọ́ ń gùn lọ sí ogun, láti ọwọ́ àwọn ará Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, nítorí pé ọmọ ẹṣin kì í pọ̀ ní ilẹ̀ wa, àwọn tí a sì kó wá kì í pẹ́ láyé. Leo Africanus, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1550, sọ pé ọba Bọ̀rnú a máa fi ẹrú 15 tàbí 20 gba ẹṣin kan ṣoṣo lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tí ó ti Àríwá Áfríkà wá. Ẹ rò ó wò. Ènìyàn ogún, ọmọ bàbá kan àti ti ìyá kan, nítorí ẹranko kan tí eṣinṣin yóò pa. Ọ̀yọ́ pàápàá wà nínú òwò yìí. Ẹrú ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun, ọjà òyìnbó ń gòkè bọ̀, apá kan nínú èrè rẹ̀ sì ń kọjá lọ sí òkè gẹ́gẹ́ bí owó ẹṣin. Nígbà tí Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́ ní 1783, tí Tápà tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1791, tí ogun Jihad sì bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Haúsá ní 1804, tí Ìlọrin sì bọ́ lọ́wọ́ Àfọ̀njá sí ọwọ́ àwọn Fúlàní lẹ́yìn ọdún 1820, ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà wá ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Ìjọba tí a gbé ka ẹsẹ̀ ẹṣin tí ẹlòmíràn ń tà fún wa kò lè dúró pẹ́ ju ìgbà tí ẹlòmíràn náà bá fẹ́ tà lọ.

Ìwé Mímọ́ mọ ewu yìí. Nínú òfin tí a fi lélẹ̀ fún ọba Ísírẹ́lì nínú ìwé Deutarónómì, a kọ̀ fún un láti kó ẹṣin jọ fún ara rẹ̀, kí ó má bàa dá àwọn ènìyàn padà sí Íjíbítì nítorí ẹṣin. Sólómọ́nì gbọ́ òfin náà, ó sì rà wọ́n bákan náà. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní tilẹ̀ sọ iye rẹ̀ fún wa: ṣékélì fàdákà 150 fún ẹṣin kan.

Mo dárúkọ eṣinṣin. Òun ni ọ̀tá tí ó bá ogun Ọ̀yọ́ jà jùlọ, wọn kò sì mọ̀ ọ́n. Eṣinṣin tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse ń gbé inú igbó àti etí odò. Ó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹranko, ó sì ń gbé kòkòrò àìfojúrí láti ara ẹran kan sí ara òmíràn. David Bruce ni ó fi ìdí èyí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Súlú ní 1895. Àwọn ẹṣin kékeré kan wà ní ilẹ̀ Ìbàrìbá àti ní àríwá Tógò, tí ara wọn ti mọ́ àrùn yìí díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran. Ẹṣin ńlá tí ó ti Kánò tàbí Bọ̀rnú wá kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Lárúbáwá tòótọ́ kò sì ní in rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí Lárúbáwá ojúlówó rà, tí ó sì mú un wá sí ilẹ̀ igbó láìsí ètò, ikú ni ó fi owó púpọ̀ rà fún un.

Mo mọ agbo-ilé kan, èmi kì yóò sọ ìlú rẹ̀, tí gbogbo ọkùnrin ilé dá owó, tí àwọn ìyàwó ilé náà sì mú tiwọn wá láti inú èsúsú, láti ra ẹṣin fún oyè bàbá wọn. Wọ́n rán Mọ́gàjí lọ. Ó ra ẹṣin funfun kan tí ó lẹ́wà gidigidi, Lárúbáwá ni alágbàtà pè é, iye Lárúbáwá ni ó sì gbà. Abẹ́ ikùn ẹṣin náà wú díẹ̀. Alágbàtà ní ọ̀rá ni. Ẹṣin náà gbé Olóyè dé ààfin, inú gbogbo ènìyàn dùn. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó kú. Àwọn ọ̀dọ́ ilé sọ pé Mọ́gàjí jẹ nínú owó náà, kò sì jẹ. Títí di òní, ìpàdé méjì ni wọ́n ń ṣe nínú agbo-ilé náà. Wíwú abẹ́ ikùn yẹn, pẹ̀lú ibà tí ń lọ tí ń bọ̀, ara tí ń gbẹ bí ó tilẹ̀ ń jẹun, àti funfun nínú ẹran ìdí eyín àti ìpénpéjú, àmì àrùn eṣinṣin ni. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ìwo-kòkòrò ì bá sọ ọ́ fún wọn, ní iye tí kò tó owó gàárì.

Ohun kìíní tí ó yẹ ní ṣíṣe, nígbà náà, ni ẹ̀jẹ̀. Kí a mú dókítà ẹran lọ, tàbí kí a gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí sí ti Ìlọrin, tàbí sí ti Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, èyí tí ó bá súnmọ́ wa jù. Kí á san ìdajì owó, kí ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ẹni tí tọ̀tún tòsì gbẹ́kẹ̀ lé títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi kọjá. Oníṣòwò tí ó mọ ẹṣin rẹ̀ yóò gbà. Mo ti rí àwọn tí ó gbà ní ilẹ̀ Tápà, níbi tí mo ti ṣe olùkọ́ fún ọdún mẹ́rin, wọn kò sì ka á sí àbùkù. Olóòótọ́ pọ̀ nínú àwọn tí ń ta ẹṣin. Àwa ni a ń kọ́ wọn ní irọ́, nítorí pé a kì í fẹ́ san owó fún ẹṣin tí wọn kò bá pè ní Lárúbáwá.

Lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀, eyín. Ẹni tí ń tà yóò sọ pé ọmọ ọdún méje ni. Ẹ ní kí ó la ẹnu ẹṣin. Eyín ọmú méjì tí ó wà láàrin ní iwájú máa ń yí ní nǹkan bí ọdún 2½, àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ní 3½, àwọn ti igun ní 4½, tí ẹnu yóò sì kún fún eyín àgbà ní ọdún 5. Láti ọdún 6 dé 8, ihò dúdú orí eyín ìsàlẹ̀ ń parẹ́, ti àárín ni ó ń ṣáájú, ti igun ni ó ń kẹ́yìn. Ní nǹkan bí ọdún 10, ìlà kan yóò yọ lára eyín igun ti òkè, ní ìdí rẹ̀. Yóò dé ìdajì eyín ní ọdún 15, yóò sì dé etí rẹ̀ ní ọdún 20. Àwọn kan wà tí ń fi irin gbẹ́ ihò tuntun sórí eyín ògbólógbòó ẹṣin, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún wọn láti sún ìlà yìí padà. Fún Olóyè tí ó ti dàgbà, èmi kì yóò yan ẹṣin tí kò tíì pé ọdún méje; ẹṣin ọmọdé a máa fò.

Kí a fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí làálì àti aró tí a fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lè kúrò, kí a lè rí ojú ọgbẹ́. Kí a tú gàárì kí a wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé gàárì ìbílẹ̀ a máa bó ẹran lẹ́yìn, ìjánu líle a sì máa gé ahọ́n. Kí a mú un rìn lórí ilẹ̀ líle, kí a má wo ẹsẹ̀, orí ni kí a wò: ẹṣin tí ẹsẹ̀ iwájú kan ń dùn a máa gbé orí sókè nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá kan ilẹ̀. Àti nítorí ohun tí a fẹ́ fi í ṣe, kí a mú onídùndún kan lọ, kí ó lu ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Kí ọdẹ kan sì yin ìbọn ní òkèèrè. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rí ọjọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ìdílé àwọn Balógun ń gun ẹṣin wọlé pẹ̀lú ìlù àti ìbọn láàrin ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, yóò mọ̀ pé ẹwà ẹṣin kò já mọ́ nǹkan bí ó bá jẹ́ pé ìlù ni yóò kọ́kọ́ lé e sá.

Nígbà tí a bá gbà pé òun ni a óò rà, kí a kọ ìwé. Kí ọjọ́ wà níbẹ̀, àwọ̀ ẹṣin àti àmì ara rẹ̀, ọdún tí eyín rẹ̀ fi hàn, ìlú tí wọ́n ti fà á wá, orúkọ ẹni tí ó tà á àti ẹni tí ó rà á, àti ẹlẹ́rìí méjì láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìwé huja tiwa nìyẹn. Bí Mọ́gàjí tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kò sí ọ̀dọ́ tí ì bá lè pè é ní olè.

Ó ku ohun kan, èyí tí mo bẹ Ẹgbẹ́ pé kí wọn gbé yẹ̀ wò. Akọ nìkan ni a ń rà. Ní ọdọọdún ni a ń fi owó ìlú ra akọ ẹṣin, tí a ń sin ín lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí a sì ń tún lọ. Ilẹ̀ koríko wà ní ọwọ́ wa, ní Ṣakí, ní Kìṣí, ní Ìgbòho gan-an, níbi tí eṣinṣin kò ti pọ̀ tó ti ìsàlẹ̀. Bí a bá ra abo mẹ́rin tí ara wọn le, láti inú ẹṣin kékeré ti ilẹ̀ Ìbàrìbá àti ti ilẹ̀ Haúsá, tí a sì fi akọ dáradára kan tì wọ́n lábẹ́ ojú dókítà ẹran, oṣù 11 ni abo ẹṣin fi ń lóyún. Ọmọ rẹ̀ yóò sì tó gùn ní ọdún kẹrin. Ẹṣin tí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún yìí yóò gbé Olóyè ní ọdún karùn-ún. Mo ti ṣírò owó bàbà, koríko, oògùn àti owó àwọn olùtọ́jú méjì, mo sì ti fi ìwé náà lé akọ̀wé lọ́wọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí rẹ̀ ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilẹ̀ ní apá Ṣakí, mo bẹ̀ yín kí ẹ dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé kí ẹ bá mi sọ̀rọ̀.